Ojú Lẹ́ẹ̀dì Tó Mú: Bí A Ṣe Ń Fọwọ́ Ara Ẹni Ṣe Pẹ́dàlì Gìtá

Pẹ́dàlì gìtá ni àpótí kékeré tó máa ń wà níwájú ẹsẹ̀ ẹni tó ń ta gìtá. Wáyà kan ti inú gìtá wá wọ̀ ọ́, èkejì ti inú rẹ̀ lọ sí ámpílífáyà tàbí míksà, ohùn tó bá sì gba ibẹ̀ kọjá kì í jáde bó ṣe wọlé. Ó lè lágbára sí i, ó lè ha, ó lè máa dún tẹ̀lé ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì àti nínú ẹgbẹ́ olórin jùjú ló gbà pé ohun tí èèyàn kàn ń rà ni, pé bó bá kú, àfi kí wọ́n gbé e lọ bá ẹlòmíràn. Èrò yẹn ni mo fẹ́ mú kúrò lọ́kàn yín. Pẹ́dàlì tí a ó jọ ṣe ní ẹ̀yà mẹ́jọ péré, láìka bátìrì àti jáàkì tí wáyà ń wọ̀. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́jọ náà tí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kò lè lóye. Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni ojú lẹ́ẹ̀dì, ìyẹn ibi tí ẹsẹ̀ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ti so mọ́ bọ́ọ̀dù. Ibẹ̀ ni a ó ti pẹ́ jù.

Ìtàn bí irú àpótí yìí ṣe dáyé yẹ kó fi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́kàn balẹ̀. Ní ìlú Nashville ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń gba orin Marty Robbins sílẹ̀, “Don't Worry” tó jáde ní 1961, apá kan ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ohùn báàsì tí Grady Martin ń ta sì fọ́ yányán. Wọn kò pa á rẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé e sínú rẹ́kọ́ọ̀dù, àwọn olórin mìíràn gbọ́ ọ, wọ́n sì ń béèrè irú rẹ̀. Glenn Snoddy, ẹnjiníà tó wà nídìí ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà, fi tàǹsísítọ̀ ṣe sákíìtì kékeré kan tó lè mú irú ohùn bẹ́ẹ̀ wá nígbàkigbà, ó gbé e tọ ilé iṣẹ́ Gibson lọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1962 lórúkọ Maestro Fuzz-Tone. Ó di ìlú-mọ̀ọ́ká ní 1965 nígbà tí Keith Richards ti Rolling Stones lò ó nínú “Satisfaction”. Kò pẹ́ tí ohùn náà fi dé Èkó. Ẹ wá rẹ́kọ́ọ̀dù ẹgbẹ́ olórin BLO tí wọ́n pè ní Chapter One gbọ́, kí ẹ sì gbọ́ Try and Love ti Ofege, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ St. Gregory's ní Ọbáléndé. Ọdún 1973 ni àwọn méjèèjì jáde, gìtá inú wọn sì ń jó bí wọ́n ṣe ń ta á.

Àmọ́ kì í ṣe fuzz ni a ó fi bẹ̀rẹ̀. Sákíìtì tí mo yàn ni LPB-1, tí Robert Myer ya fún Mike Matthews, ẹni tó dá ilé iṣẹ́ Electro-Harmonix sílẹ̀ ní New York ní 1968. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni LPB-1 ń ṣe: ó ń gba ohùn kékeré, ó ń sọ ọ́ di ńlá. Àwọn kan yóò ní kí ẹ fi nǹkan tó jọjú ju báyìí lọ bẹ̀rẹ̀, díléè tó ń mú ohùn tẹ̀lé ara rẹ̀ tàbí kórọ́ọ̀sì tó ń mú gìtá kan dún bí méjì, nítorí ohùn wọn ń dùn mọ́ etí ní kíá. Mi ò bá wọn gbà á. Nínú LPB-1, ẹ ó mọ ìdí tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan fi wà níbẹ̀, bó bá sì kọ̀ tí kò dún, ẹ ó lè ronú débi tí àìsàn rẹ̀ wà. Nínú sákíìtì tó ní ẹ̀yà márùndínláàádọ́ta, akẹ́kọ̀ọ́ kàn ń tẹ̀ lé àwòrán ni.

Ẹ jẹ́ kí á sọ̀rọ̀ irinṣẹ́ díẹ̀. Áyọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń jó lẹ́ẹ̀dì, kó jẹ́ oní 30 sí 40 wáàtì, kí ẹnu rẹ̀ ṣe ṣóńṣó tàbí kó tẹ́ bíńtín. Bí owó bá gbà yín láyè, ẹ ra èyí tó ní ibi tí a ti ń yí ooru, kí ẹ sì gbé e sí nǹkan bí 350°C. Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni iná tiwa. Bí iná tó yẹ kó jẹ́ 240 fọ́lítì bá wálẹ̀ sí 160, agbára áyọ́ọ̀nù lásán kò ní tó ìdajì mọ́, nítorí bí fọ́lítì ṣe ń dín kù, ooru ń dín kù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ á máa rò pé ọwọ́ òun ni kò dára, nígbà tó jẹ́ pé áyọ́ọ̀nù ni kò gbóná. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ nílò kọ́tà kékeré tí a fi ń gé ẹsẹ̀ ẹ̀yà, mítà tó ń ka fọ́lítì, àti kànrìnkàn tí a rẹ sómi.

Lẹ́ẹ̀dì fúnra rẹ̀ ni wáyà rírọ̀ aláwọ̀ fàdákà tí wọ́n ń ká tà. Èyí tó rọrùn jù fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ni 60/40: ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ tánńganran, ìdá 40 jẹ́ òjé. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ní 183°C, kó tó sì kọjá 190°C díẹ̀ ó ti yọ́ pátá. Èyí tí kò ní òjé nínú ń fẹ́ ooru tó lé ní 217°C, ojú rẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dán kódà bó bá mú dáadáa, èyí tó máa ń da akẹ́kọ̀ọ́ láàmú. Àárín wáyà lẹ́ẹ̀dì náà kì í ṣe òfìfo: rọ́síìnì ló wà níbẹ̀, oje igi páìnì tí wọ́n ti sè. Òun ló ń fọ ìpẹtà kúrò lójú bàbà tó wà lára bọ́ọ̀dù kí lẹ́ẹ̀dì tó dé ibẹ̀. Ẹ má ṣe gba èyí tí àwọn púlọ́ḿbà ń lò. Ásíìdì inú rẹ̀ yóò máa jẹ bàbà bọ́ọ̀dù yín díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣe tán.

Wàyí o, jíjó rẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn yọ́ lẹ́ẹ̀dì sí ẹnu áyọ́ọ̀nù, kó wá máa kán an sórí ẹsẹ̀ ẹ̀yà. Lẹ́ẹ̀dì náà yóò jókòó síbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ omi orí ewé kókò ni: ó rí roboto, ó wà níbẹ̀, kò sì wọ ara ohun tó gbé e. Ohun méjì ló ń mú kó wọra. Èkíní, kí bàbà àti ẹsẹ̀ ẹ̀yà fúnra wọn gbóná tó láti yọ́ lẹ́ẹ̀dì. Èkejì, kí ojú wọn mọ́. Ẹni tó bá sì ń kán an láti ẹnu áyọ́ọ̀nù ti pàdánù méjèèjì, nítorí rọ́síìnì tó yẹ kó fọ ojú bàbà ti di èéfín sórí áyọ́ọ̀nù kó tó débẹ̀, bàbà sì tutù.

Bí a ṣe ń ṣe é rèé. Ẹ ki ẹsẹ̀ rẹ̀sísítọ̀ bọ ihò bọ́ọ̀dù, ẹ tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ ní ẹ̀yìn kó má baà yọ, kí ẹ yí bọ́ọ̀dù dé. Ẹ nu ẹnu áyọ́ọ̀nù sára kànrìnkàn tútù, ẹ fi lẹ́ẹ̀dì bíńtín kàn án kó lè dán. Ẹ gbé e sí igun tí ẹsẹ̀ àti bàbà ti pàdé, kó kan àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ka ení, èjì. Ẹ wá mú lẹ́ẹ̀dì wá láti òdìkejì, kó kan ẹsẹ̀ àti bàbà, kì í ṣe áyọ́ọ̀nù. Bí ooru bá ti tó, yóò yọ́ fúnra rẹ̀, yóò sì ṣàn yí ẹsẹ̀ náà ká lójú yín. Ẹ kọ́kọ́ mú lẹ́ẹ̀dì kúrò, lẹ́yìn náà áyọ́ọ̀nù, kí ẹ má sì mi bọ́ọ̀dù títí yóò fi le. Gbogbo rẹ̀ kò yẹ kó ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin lọ. Bó bá ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, áyọ́ọ̀nù kò gbóná tó tàbí ẹnu rẹ̀ ti dúdú, ẹ sì dúró kí ẹ nù ún ṣáájú kí bàbà má baà ṣí kúrò lára bọ́ọ̀dù.

Ojú lẹ́ẹ̀dì tó mú máa ń dán, ó máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ nísàlẹ̀, ó sì máa ń gùn díẹ̀ mọ́ ara ẹsẹ̀ lókè, tí ẹ ó ṣì fi máa rí ìrísí ẹsẹ̀ náà nínú rẹ̀. Èyí tí kò mú máa ń rí roboto tàbí kó ṣú, ẹ sì lè rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ yí ẹsẹ̀ ká níbi tí kò ti kàn án. Èyí tí kò mú yìí ló burú jù nínú gbogbo àìsàn ẹ̀rọ, torí kì í kú pátápátá. Yóò dún lórí tábìlì, yóò dákẹ́ nígbà ìsìn. Bí ẹ bá tẹ àpótí, yóò tún dún. Ìwòsàn rẹ̀ rọrùn: ẹ tún ibẹ̀ mú gbóná, ẹ fi lẹ́ẹ̀dì tuntun díẹ̀ kún un kí rọ́síìnì inú rẹ̀ lè ṣiṣẹ́, kí ẹ jẹ́ kó ṣàn.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹ̀yà tí ẹ fi owó rà, ẹ wá rédíò tó ti kú tàbí bọ́ọ̀dù àlòkù kan. Kò sí ọjà ẹ̀rọ tí wọn kì í kó wọn jọ, láti Àlàbá ní Èkó dé iwájú ṣọ́ọ̀bù alátùn-únṣe rédíò àdúgbò yín. Ẹ yọ ẹ̀yà ara rẹ̀ kúrò, ẹ tún wọn jó padà. Ọwọ́ yín yóò mọ bí ìgbà tí ooru tó ṣe rí, ìmọ̀ yẹn kò sì sí nínú ìwé kankan, kódà nínú Electronic Projects for Musicians tí Craig Anderton kọ ní 1975, ìwé tí mo ṣì ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níyànjú láti kà.

Ọ̀rọ̀ ìlera kò ṣe é fò. Èéfín tó ń gòkè bí ẹ ṣe ń jó o kì í ṣe òjé, rọ́síìnì ni, ó sì lè fa ikọ́ efée fún ẹni tó ń fà á símú lójoojúmọ́. Ẹ jókòó sẹ́bàá fèrèsé, ẹ fi fáànù kékeré gbé èéfín lọ sápá kan. Òjé ní tirẹ̀, ọwọ́ ló ń gbà wọnú. Ẹ má jẹun nídìí iṣẹ́, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan oúnjẹ, kí ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé máa ṣa gígé-gígé lẹ́ẹ̀dì nílẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yà tí ẹ ń gé máa ń fò, ẹ bo ojú yín tàbí kí ẹ dì í mú bí ẹ ṣe ń gé e.

A ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀yà mẹ́jọ náà. Bí okùn gìtá ṣe ń gbọ̀n lórí mágínẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń dá iná sílẹ̀, iná tó ń lọ tó ń bọ̀. Okùn tó nípọn jù ń lọ tó ń bọ̀ ní ìgbà 82 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Iná náà kéré púpọ̀, ìdá díẹ̀ nínú fọ́lítì kan ni. Tàǹsísítọ̀ ni yóò sọ ọ́ di ńlá. Ó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, béèsì, kọlẹ́tọ̀ àti ẹ̀mítà, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni pé ìyípadà kékeré ní béèsì ń bí ìyípadà ńlá ní kọlẹ́tọ̀. Ṣùgbọ́n kì í jí láìjẹ́ pé béèsì rẹ̀ fi nǹkan bí 0.6 fọ́lítì ga ju ẹ̀mítà lọ. Iná gìtá ní tirẹ̀ ń lọ sókè òdo, ó ń lọ sísàlẹ̀ rẹ̀, kì í sì í tó 0.6 lọ́pọ̀ ìgbà. Bí a bá kàn ki gìtá bọ béèsì, a ò ní gbọ́ nǹkan gidi.

Ìdí nìyí tí rẹ̀sísítọ̀ méjì, ẹ̀yà tó ń dín iná tó ń ṣàn kù, fi wà: 470K (K dúró fún ẹgbẹ̀rún ohm) láti pọ́sítíìfù bátìrì wá sí béèsì, àti 47K láti béèsì lọ sí gíráùn, ìyẹn ìhà nẹ́gétíìfù bátìrì. Wọ́n pín 9 fọ́lítì bátìrì láàárín ara wọn. Ẹ pín 47 sí 517 (470 àti 47 pa pọ̀), ẹ fi 9 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó rí 0.8 àti díẹ̀. Ibẹ̀ ni béèsì yóò máa jókòó sí, tí gìtá yóò wá máa gbé e sókè sódò díẹ̀díẹ̀. 430K àti 43K ló wà nínú ti Electro-Harmonix gan-an, àmọ́ wọ́n ṣòro rí lọ́jà, bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá ṣe ìṣirò kan náà, ìdáhùn kan náà ni ẹ ó rí. Ẹ rí i pé ẹni tó mọ ohun tí ẹ̀yà kan ń ṣe kì í dúró de èyí tí kò sí.

Rẹ̀sísítọ̀ 10K ti pọ́sítíìfù wá sí kọlẹ́tọ̀, 390 ohm ti ẹ̀mítà lọ sí gíráùn. Àwọn méjèèjì ni wọ́n ń pinnu bí ohùn yóò ṣe tóbi tó: 10,000 tí a fi 390 pín fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 26. Nínú iṣẹ́ gidi ó máa ń wálẹ̀ sí nǹkan bí ìlọ́po ogún, èyí tó pọ̀ tó láti mú ámpílífáyà kígbe. Kápásítọ̀ méjì tó kù, ọ̀kan wà lẹ́nu ọ̀nà àbáwọlé, ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà àbájáde. Kápásítọ̀ máa ń jẹ́ kí iná tó ń lọ tó ń bọ̀ kọjá, ó sì máa ń dá iná bátìrì tó dúró sójú kan dúró. Láìsí wọn, iná bátìrì yóò ṣàn lọ sínú gìtá àti míksà, gìtá náà yóò sì fa 0.8 tí a ṣètò wálẹ̀ sí òdo. Lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ẹ ó rí 104: ìtumọ̀ rẹ̀ ni 10 àti òdo mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, 100,000 pF, tó jẹ́ 0.1 µF. Ẹ̀yà kẹjọ ni fọ́líúmù 100K. Bí ẹ bá kọ ojú ọ̀pá rẹ̀ sí ara yín, tí ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wà nísàlẹ̀, tọwọ́ òsì lọ sí gíráùn, tọwọ́ ọ̀tún gba ohùn láti ọ̀dọ̀ kápásítọ̀ kejì, ti àárín lọ sí jáàkì àbájáde. Báyìí, bí ẹ bá yí i sọ́tùn-ún, ohùn yóò máa pọ̀ sí i.

Àwọ̀ ara rẹ̀sísítọ̀ ni ẹ fi ń dá wọn mọ̀. 470K: ìyeyè, elésè àlùkò, ìyeyè. 47K: ìyeyè, elésè àlùkò, ọsàn. 10K: búráùn, dúdú, ọsàn. 390: ọsàn, funfun, búráùn. Lábẹ́ iná gílóòbù aláwọ̀ pupa, ọsàn àti búráùn jọra ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí náà ẹ fi mítà wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó jó o. Tàǹsísítọ̀ tún nílò ìṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ. 2N5088 àti 2N3904, bí ẹ bá kọ ojú wọn tó tẹ́ sí ara yín tí ẹsẹ̀ wọn sì wà nísàlẹ̀, láti òsì lọ sí ọ̀tún ni ẹ̀mítà, béèsì, kọlẹ́tọ̀. BC547, tó pọ̀ lọ́jà wa, jẹ́ òdìkejì gẹ́lẹ́: kọlẹ́tọ̀, béèsì, ẹ̀mítà. Èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò ṣiṣẹ́ nínú pẹ́dàlì yìí, tí ẹ bá ti kọjú rẹ̀ síbi tó yẹ.

Ẹ kọ́kọ́ to gbogbo rẹ̀ sórí bọ́ọ̀dù àdánwò, èyí tí a kàn ń ki ẹsẹ̀ ẹ̀yà bọ̀ láìjó lẹ́ẹ̀dì. Ẹ jẹ́ kó dún níbẹ̀ ná. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó wá kó o lọ sórí fẹ́róbọ́ọ̀dù onílà bàbà, tí ihò rẹ̀ fi 2.54 mm jìnnà síra. Ẹ fi pẹ́ńsùlù ya ibi tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan yóò wà sórí ìwé tí wọ́n fa ìlà onígun-mẹ́rin sí ṣáájú. Níbi tí ìlà bàbà kan kò bá gbọdọ̀ so ẹ̀yà méjì pọ̀, ẹ fi ẹnu dírììlì yí i lọ́wọ́ títí yóò fi gé, kí ẹ fi mítà dán an wò pé ó gé lóòótọ́. Ẹ jó àwọn tó kúrú mọ́lẹ̀ ṣáájú, tàǹsísítọ̀ kẹ́yìn. Bí ẹ bá ti jó gbogbo rẹ̀ tán, ẹ fi ọ̀bẹ ha àárín ìlà bàbà sí ìlà bàbà, nítorí lẹ́ẹ̀dì tín-ín-rín tí ojú kò rí lè ti so ìlà méjì pọ̀.

Ẹ fi bátìrì 9 fọ́lítì sí i, kí ẹ gbé mítà. Ẹ fi ẹnu dúdú mítà sí gíráùn, ẹ fi ẹnu pupa kan ẹsẹ̀ tàǹsísítọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Béèsì yẹ kó wà ní nǹkan bí 0.8, ẹ̀mítà ní 0.2, kọlẹ́tọ̀ láàárín 4 sí 5. Ibi tí kọlẹ́tọ̀ wà yẹn ṣe pàtàkì, torí ó wà ní ìdajì bátìrì, àyè sì wà fún ohùn láti lọ sókè àti sísàlẹ̀. Bí kọlẹ́tọ̀ bá ń ka 9, tàǹsísítọ̀ ń sùn: bóyá 470K kò kan béèsì, bóyá 390 kò dé gíráùn, bóyá ẹ kọ ojú rẹ̀ sódì. Bí kọlẹ́tọ̀ bá wà ní ìsàlẹ̀ 1, ẹ wo 47K: ó ṣeé ṣe kó má dé gíráùn, kí tàǹsísítọ̀ sì ti ṣí gbayawu.

Ká ní iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tọ́, síbẹ̀ kò dún ńkọ́? Ẹ mú wáyà gìtá kan tó lọ sí ámpílífáyà, ẹ jó kápásítọ̀ 104 mọ́ orí rẹ̀, kí ẹ so gíráùn wáyà náà mọ́ gíráùn bọ́ọ̀dù. Ẹ ní kí ẹnì kan máa ta gìtá bí ẹ ṣe ń fi ẹsẹ̀ kápásítọ̀ náà kan ojú lẹ́ẹ̀dì lọ́kọ̀ọ̀kan: jáàkì àbáwọlé, kápásítọ̀ kìíní níhà méjèèjì, béèsì, kọlẹ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ títí dé àbájáde. Ibi tí ẹ bá gbọ́ ọ gbẹ̀yìn ni àìsàn ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nínú irinṣẹ́ tí kò náni ju owó kápásítọ̀ kan lọ, èmi ò mọ èyí tó wúlò tó o. Nígbà tó bá sì fi ibi náà hàn yín, ẹ ó rí i pé ojú lẹ́ẹ̀dì tí kò mú, tàbí wáyà tó lọ síbi tí kò yẹ, ló máa ń jẹ́. Ẹ̀yà tó kú fúnra rẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Àpótí gbọ́dọ̀ jẹ́ irin. Ike ń jẹ́ kí iná ilé, tó ń lọ tó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá, wọ inú sákíìtì, pẹ́dàlì yóò sì máa kùn láìdákẹ́. Agolo onídérí tó lágbára tó fún ẹsẹ̀ èèyàn yóò ṣe é, bí ẹ kò bá rí àpótí alumíníọ̀mù tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ yìí. Kí àpótí náà so mọ́ gíráùn. Fún àbáwọlé, ẹ lo jáàkì sítẹ́ríò tó ní ojú ẹsẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ so nẹ́gétíìfù bátìrì mọ́ ojú àárín rẹ̀ dípò gíráùn tààrà. Bí ẹ bá ki wáyà gìtá bọ̀ ọ́, ara wáyà náà ni yóò so ojú àárín pọ̀ mọ́ gíráùn, iná yóò sì dé. Bí ẹ bá yọ ọ́, bátìrì yóò sinmi. Ẹni tó bá fẹ́ lo ádápítọ̀, kó ṣọ́ra: nẹ́gétíìfù ló máa ń wà láàárín nínú ti ọ̀pọ̀ pẹ́dàlì, nígbà tó jẹ́ pé pọ́sítíìfù ló wà láàárín ọ̀pọ̀ ádápítọ̀ tí ẹ ó rí nílé. Ẹ fi mítà wò ó. Súwíìṣì àfẹsẹ̀tẹ̀ tí wọ́n sábà ń lò ní ojú lẹ́ẹ̀dì mẹ́sàn-án, mo sì dábàá pé kí pẹ́dàlì yín àkọ́kọ́ má ní in. Ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà tí wáyà bá wà nínú rẹ̀, kí ẹ fi súwíìṣì sí èkejì.

Nígbà tó bá ti ń dún, eré dídùn bẹ̀rẹ̀. Ẹ yọ kápásítọ̀ àbáwọlé 104, ẹ fi 103 dípò rẹ̀. Ìró okùn tó nípọn yóò rẹ̀ sílẹ̀, ti okùn tẹ́ẹ́rẹ́ yóò yọ gedegbe, èyí tó dára fún ẹni tó ń ta gìtá lídì láàárín ìlù púpọ̀. Ẹ dá 104 padà, kí ẹ wá mú dáyódù 1N4148 méjì, ẹ kọ wọ́n lódìlódì sí ara wọn, ẹ jó wọn láti ẹ̀yìn kápásítọ̀ àbájáde lọ sí gíráùn. Dáyódù kì í jẹ́ kí iná kọjá títí yóò fi tó nǹkan bí 0.6 fọ́lítì. Ohùn kékeré yóò kọjá bó ṣe wà. Ohùn ńlá yóò gbá orí mọ́ 0.6, orí rẹ̀ yóò tẹ́ lókè àti nísàlẹ̀, ohun tí etí sì ń gbọ́ nígbà náà ni ohùn híha tí àwọn ará Nashville kọ́kọ́ gbọ́ látinú ẹ̀rọ tó bàjẹ́. Ẹ ta á jẹ́jẹ́, ẹ ó gbọ́ bó ṣe ń mọ́ padà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ sórí pẹ́dàlì Fuzz Face tí Ivor Arbiter bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní London ní 1966, èyí tí Jimi Hendrix lò. Tàǹsísítọ̀ méjì, rẹ̀sísítọ̀ mẹ́rin, kápásítọ̀ mẹ́ta, fọ́líúmù méjì, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ó sì ti mọ iṣẹ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ má fi tàǹsísítọ̀ jẹmáníọ̀mù ti àkọ́kọ́ ṣe é. Ooru ń yí wọn padà, èyí tó bá ń dún dáadáa ní òwúrọ̀ lè máa wúkọ́ ní ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ lo sílíkónì bí i BC108, tí wọ́n fi sínú Fuzz Face tó jáde lẹ́yìn náà.

Kí ẹ tó ti ìdérí pẹ́dàlì yín pa, ẹ ya àwòrán sákíìtì rẹ̀ sí ìwé pélébé, pẹ̀lú ohun tí ẹ yí padà nínú rẹ̀ àti iye fọ́lítì tí mítà kà ní ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tàǹsísítọ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìdérí. Ẹni tí yóò tú u láti tún un ṣe lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ì báà jẹ́ ẹ̀yin tàbí ẹlòmíràn, ohun tí yóò kọ́kọ́ wá nìyẹn.